Ọwọ́ Ta Ni Àforíjì Agbábọ́ọ̀lù Yẹ Kó Wà?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń dé akoto, tí wọ́n sì ń fi ara kọlu ara wọn. Kì í ṣe ti àwọn tó ti sọ ọ́ di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni mo ń bá bọ̀, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Ẹ má rò pé eré ìrọ̀lẹ́ lásán ni. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nìkan ń gba èèyàn tó lé ní 100,000. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó rẹ̀ pọ̀ jù kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe adájọ́ àgbà, akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì ni. Nick Saban ti Alabama gba ju mílíọ̀nù dọ́là 11 lọ lọ́dún 2023. Nígbà tí Texas A&M ní kí Jimbo Fisher máa lọ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, tí wọ́n ní ikọ̀ rẹ̀ kò borí tó bó ṣe yẹ, owó tí àdéhùn ní kí wọ́n san fún un lé ní mílíọ̀nù dọ́là 75. Àwọn ọmọ wa náà kò gbẹ́yìn nínú eré yìí. Obafemi Ayanbadejo gbá a ní San Diego State, Brendon àbúrò rẹ̀ gbá a ní UCLA, Olu Fashanu sì gbá a ní Penn State kí ẹgbẹ́ Jets tó mú un lọ́dún 2024. Orúkọ rere ni wọ́n fi gbá tiwọn. Mo dárúkọ wọn kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilé.

Níbi tí owó àti ògo bá pọ̀ tó báyìí, ìbéèrè kan wà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: bí agbábọ́ọ̀lù bá hùwà ọ̀daràn, ta ni yóò sọ ohun tó tọ́ sí i? Ọlọ́pàá wà, kóòtù wà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó dé kóòtù, àti lẹ́yìn tí kóòtù bá ti sọ tirẹ̀ tán, ìpinnu mìíràn ṣì kù: ṣé ọmọ náà yóò wọ pápá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀? Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń dáhùn rẹ̀. Òun ló máa ń jáde sí àwọn oníròyìn, tí á ní lágbájá rú òfin ikọ̀, nítorí náà kò ní gbá ìdíje kan tàbí méjì. Ohun tí lágbájá ṣe gan-an, a kì í sábà gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ó pẹ́ dé ibi ìgbáradì, ó sì lè jẹ́ pé ó lu èèyàn ní àlùbolẹ̀; ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bo méjèèjì. Èmi kò wá bá àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá jà pé àánú wọn pọ̀ jù. Àánú dára, ọmọ ogún ọdún sì nílò rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí yóò jèrè àforíjì kọ́ ló yẹ kó máa pín in. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lọ́dún 2011, ìwé ìròyìn Sports Illustrated àti ilé iṣẹ́ ìròyìn CBS jọ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ikọ̀ 25 tí wọ́n kà sí ọ̀gá nígbà tí sáà ọdún 2010 fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù 2,837 wé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti ti kóòtù. Wọ́n rí 204 tí wọ́n ti fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn rí, ìyẹn bí ẹnì kan nínú 14. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi, àti pé 13 nínú 14 kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tó wá ń fojú ọ̀daràn wo gbogbo ọmọ tó gbé akoto, kò gbọ́ mi yé. Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú ìwádìí náà ni pé yunifásítì méjì péré nínú 25 ló máa ń yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀daràn àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbà sínú ikọ̀ wò déédéé. Àwọn kan náà ló ń fi tẹ́ẹ̀pù wọn gíga ọmọ, tí wọ́n ń gbé e lé òṣùwọ̀n, tí wọ́n ń fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi sá eré, tí wọ́n ń ran aṣojú lọ sílé ìyá rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ ló ń wádìí.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Nebraska, lọ́dún 1995. Ikọ̀ Tom Osborne, akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì ibẹ̀, ló gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún 1994, ó sì ń wá èkejì. Lawrence Phillips, ọmọ ogún ọdún, wà lára àwọn tí gbogbo ojú ń wò. Ní oṣù kẹsàn-án, ọlọ́pàá mú un nítorí pé ó lu ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra rí, ó sì wọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Osborne kọ́kọ́ ní òun ti lé e. Kò pẹ́ tó fi yí i padà sí ìdádúró, tó sì to ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe kó tó padà: kó máa lọ sí kíláàsì, kó máa rí àwọn olùgbaninímọ̀ràn. Ní kóòtù, Phillips kò jiyàn ẹ̀sùn náà, wọ́n sì fi í sábẹ́ àmójútó fún ọdún kan. Ìdíje mẹ́fà ni kò gbá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, ó ti wà lórí pápá ní Fiesta Bowl, ìdíje tí wọ́n fi mọ ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó gbé bọ́ọ̀lù sáré 165 yáàdì, ó gbé e wọlé Florida lẹ́ẹ̀mẹta, Nebraska sì borí pẹ̀lú 62 sí 24.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé torí ife ni Osborne ṣe dá a padà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìdíje mẹ́fà tí Phillips kò sí níbẹ̀ ni ikọ̀ náà borí. Ahman Green, tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ló ń gbé bọ́ọ̀lù dípò rẹ̀, ó sì sáré ju 1,000 yáàdì lọ ní sáà yẹn. Bó bá jẹ́ ife nìkan ni, Osborne kò nílò Phillips. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé ọmọ yìí kò ní ilé, pé ilé àwọn ọmọ aláìnílé ní California ló ti dàgbà, àti pé bọ́ọ̀lù nìkan ni okùn tó ṣì so ó mọ́ ìgbésí ayé tó létò. Mo gbà pé òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Ìdí tí mo fi yan àpẹẹrẹ yìí ṣáájú nìyẹn, torí pé ọlọ́kàn rere gan-an ló fi hàn wá ibi tí ètò náà ti wọ́. Osborne wo ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rí ọmọ tó ń rì. Ọmọbìnrin tí wọ́n lù ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ Nebraska ni òun náà. Kò sí nínú iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá láti gbẹnu sọ fún un, wọn kò gba Osborne síṣẹ́ nítorí tirẹ̀. Òun náà gbọ́dọ̀ máa rìn nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan náà, kó máa gbọ́ bí gbogbo ìlú ṣe ń hó fún ẹni tó lù ú. Bí ẹni tó bá fẹ́ dárí jini bá jẹ́ ẹni tí kò sí ohun tó kàn án nínú ìrora ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àforíjì rẹ̀ kò tíì pé.

Lẹ́yìn náà ni St. Louis Rams, ẹgbẹ́ àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, mú Phillips gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹfà nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yàn lọ́dún 1996. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lé e. Ẹjọ́ ìwà ipá ń ṣubú lu ara wọn títí kóòtù ní California fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, ẹni ogójì ọdún. N kò sọ pé bí Osborne bá lé e ni ayé rẹ̀ ì bá dára. Kò sí ẹ̀dá tó lè mọ ìyẹn. Ohun tí a rí dájú ni pé oògùn tí wọ́n fún un kò wò ó sàn, bọ́ọ̀lù sì ni oògùn náà.

Ti Osborne jẹ́ àánú tó ṣìnà. Ti Yunifásítì Baylor ní Waco, Texas, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ni, àwọn aláṣẹ rẹ̀ sì máa ń fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikọ̀ bọ́ọ̀lù wọn kò já mọ́ nǹkan, àfi ìgbà tí Art Briles dé ní ìparí ọdún 2007. Lọ́dún 2011 ọmọ ikọ̀ rẹ̀, Robert Griffin, gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó ta yọ jù lọ́dún. Ní 2013 àti 2014 wọ́n gba ife agbègbè wọn. Lọ́dún 2014 kan náà ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré tuntun tó jẹ mílíọ̀nù dọ́là 266. Ọdún yẹn gan-an náà ni kóòtù sọ ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn sẹ́wọ̀n ogún ọdún nítorí ìfipábánilòpọ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìgbìmọ̀ alábòójútó yunifásítì gba ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò Pepper Hamilton pé kí wọ́n wádìí, wọ́n sì gbé kókó ohun tí wọ́n rí jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2016. Wọ́n rí i pé ikọ̀ bọ́ọ̀lù ní ọ̀nà ìbáwí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n rí i pé nígbà mìíràn àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tàbí àwọn òṣìṣẹ́ wọn pàdé obìnrin tó mú ẹ̀sùn wá, tàbí òbí rẹ̀, tí wọn kò sì fi tó àwọn tó yẹ létí. Wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ṣe ìwádìí fúnra wọn láìkọ́ iṣẹ́ náà, tí ìwádìí náà sì sọ àwọn obìnrin di ẹni tí kò ṣeé gbà gbọ́. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní Baylor, àwọn àgbà wọ̀nyí gbọ́ ẹjọ́ ẹnì méjì, ṣùgbọ́n ọmọ tiwọn ni ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì nílò rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Briles pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ Ken Starr nípò ààrẹ yunifásítì, olùdarí ètò eré ìdárayá náà sì fipò sílẹ̀.

Oklahoma fi ohun mìíràn hàn wá. Ní oṣù keje ọdún 2014, Joe Mixon, tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan fún wọn, fi ẹ̀ṣẹ́ lu ọmọbìnrin kan nínú ilé oúnjẹ, eegun ojú rẹ̀ sì fọ́. Kámẹ́rà ilé oúnjẹ náà gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Bob Stoops tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ọ̀gá rẹ̀ sì wò ó nígbà náà. Wọ́n dá ọmọ náà dúró fún sáà kan gbáko, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Bí mo bá fẹ́ ṣòótọ́, èyí sàn ju ìdíje mẹ́fà Nebraska lọ. Ìṣòro dé ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí fídíò náà bọ́ sí gbangba. Stoops wá sọ pé bó bá jẹ́ ìsinsìnyí ló ṣẹlẹ̀ ni, lílé ni wọn ì bá lé e. Ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n rí ní 2014 náà ni gbogbo ayé wá rí ní 2016. Ìwà kò yí padà, eegun tó fọ́ kò yí padà. Ojú àwọn èèyàn nìkan ló kún un. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Mixon gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje Sugar Bowl. Òṣùwọ̀n tó ń fẹ̀ tó ń sún nítorí bí àwọn òǹwòran ṣe pọ̀ tó kì í ṣe òṣùwọ̀n ìdájọ́, ó sì ṣòro kí ọwọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbé òmíràn, nítorí àwọn òǹwòran ló ń san owó rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní akọ́nimọ̀ọ́gbá dà bíi baba fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, àti pé a kì í torí pé ọmọ ṣẹ̀ ká lé e sí ìgbẹ́. Òótọ́ ni. Yorùbá náà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kí ni wọ́n fi ń fà á mọ́ra? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ibùgbé, oúnjẹ, olùkọ́ tó ń ràn án lọ́wọ́, dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn àti ìwà. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé fún ọmọ tí kò ní wọ pápá fún ọdún kan tàbí méjì, níwọ̀n ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti rí i pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò sí nínú ewu. Bí ìyá tàbí baba ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n lè gba ìgbádùn lọ́wọ́ ọmọ láì gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń sọ pé kò sí bí a ṣe lè gba ọmọ là àfi ká gbé e padà sórí pápá kí sáà tó parí, ó yẹ ká bi í pé ta ló fẹ́ gbà là gan-an. Ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí, tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù rí, ṣé òun náà ń rí àánú tó tó báyìí bó bá ṣe ohun kan náà?

Àtakò tó wúwo jù ni ti aláìṣẹ̀. Lọ́dún 2006, ní Yunifásítì Duke, wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan àwọn ọmọ ikọ̀ eré lacrosse. Ilé ẹ̀kọ́ fagi lé ìyókù sáà náà, Mike Pressler tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì ní láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, Roy Cooper, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ North Carolina, kéde pé àwọn mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù kò jẹ̀bi rárá. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba tó lépa wọn. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìbáwí tí kò rántí Duke kò ṣòótọ́. Ẹ tún fi ti àwọ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti so ọkùnrin aláwọ̀ dúdú rọ̀ sórí igi nítorí ẹ̀sùn lásán. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ìyá wọn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni Duke kọ́ wa? Ìkánjú àwọn aláṣẹ àti agbẹjọ́rò tó ń wá ìbò ló fìyà jẹ àwọn ọmọ yẹn, ìwádìí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ló sì yọ wọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè yọ aláìṣẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní gbà á gbọ́ bó bá sọ pé ọmọ òun kò ṣe é. Bí Briles bá sọ ní 2015 pé òun ti wádìí, tí ọmọ náà kò jẹ̀bi, ta ni yóò fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà? Ìgbìmọ̀ tí bọ́ọ̀lù kò bí, tó ń gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, tó ń jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní agbẹjọ́rò, tó sì ń kọ ìdí ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀, òun ló lè dá orúkọ rere padà fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Ní ti àwọ̀, àánú akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe ààbò fún ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ààbò ni fún ọmọ tó lè sáré. Akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan náà, tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, kò ní Osborne kankan tí yóò gbẹnu sọ fún un. Ètò tó dọ́gba ló lè gba òun náà.

Àwọn kan tún ní bí ìbáwí bá le, ikọ̀ yóò wó. Lọ́dún 1963, Bear Bryant ti Alabama dá Joe Namath, tó jẹ́ ojú àti ẹnu ikọ̀ rẹ̀, dúró fún ìdíje méjì tó gbẹ̀yìn sáà nítorí pé ó rú òfin. Alabama borí nínú méjèèjì, Namath sì padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni ti Lou Holtz ní Arkansas. Nígbà tí ìdíje wọn pẹ̀lú Oklahoma ní Orange Bowl ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1978 kù sí dẹ̀dẹ̀, ó dá àwọn mẹ́ta dúró lórí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù nínú ayò wọn wọlé. Wọ́n gba agbẹjọ́rò, gbogbo ènìyàn sì ní Oklahoma yóò pa Arkansas jẹ. Roland Sales, tó jẹ́ ìgbákejì, sáré 205 yáàdì lálẹ́ ọjọ́ náà, Arkansas sì borí pẹ̀lú 31 sí 6. N kò sọ pé ẹni tó bá ṣe òtítọ́ ni yóò máa borí nígbà gbogbo. Ó ṣeé ṣe kí ó pàdánù. Ṣùgbọ́n àsọdùn ni láti sọ pé ikọ̀ kò lè dúró láìsí ẹnì kan ṣoṣo. Bí owó ni ẹ bá sì fẹ́ kà, Yunifásítì Colorado san mílíọ̀nù dọ́là 2.85 lọ́dún 2007 láti parí ẹjọ́ àwọn obìnrin tó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń rọ̀ wọ ikọ̀ fipá bá àwọn lòpọ̀ lọ́dún 2001.

Ó ku ẹ̀bi kan tí kì í ṣe ti akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan. Bí ọ̀kan bá lé ọmọ lónìí, òmíràn á gbà á lọ́la, ẹni tó lé e á sì pàdé rẹ̀ lórí pápá lọ́dún tó ń bọ̀. Lórí èyí, àwọn kan ti gbìyànjú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, àjọ SEC, tí Alabama, Georgia àti Florida wà nínú rẹ̀, fòfin dè é pé ọmọ ẹgbẹ́ wọn kò gbọdọ̀ gba agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n lé níbòmíràn nítorí ìwà ipá nínú ilé tàbí ìfipábánilòpọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Yunifásítì Indiana tún lọ jù bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni tí kóòtù bá ti dá lẹ́bi irú ìwà ọ̀daràn ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè wọ ikọ̀ kankan níbẹ̀. Àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ló ṣì ń fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi yẹ ọ̀rọ̀ Baylor wò, ìgbìmọ̀ rẹ̀ sọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 pé kò sí òfin NCAA kankan tí yunifásítì náà rú nígbà tí kò fi ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tó àwọn tó yẹ létí. Lórí àwọn ẹ̀sùn mìíràn ni wọ́n fi fi Baylor sábẹ́ àmójútó ọdún mẹ́rin, wọ́n sì bu owó ìtanràn dọ́là 5,000 lé e. Àjọ yìí kan náà ti ṣe òfin lórí iye ìgbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè pe ọmọ sékọ́ńdírì lórí fóònù.

Ohun tí mo ń béèrè kò nira. Kí NCAA kọ ọ́ sínú òfin pé ẹ̀sùn ìwà ipá èyíkéyìí tó bá dé etí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí owó oṣù ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò ti ẹ̀ka eré ìdárayá wá. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá pé bó bá bo irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, owó ìkọ̀sílẹ̀ tabua tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n lé yóò wọmi. Bí àánú ọmọ náà bá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, kó wá síwájú ìgbìmọ̀, kó sọ ohun rere tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kó padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó máa retí, kó sì gbọ́ ìpinnu náà lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà tí ọmọbìnrin tó mú ẹ̀sùn wá bá gbọ́ ọ.